Alájọgbé tó di alájọbí: ọdẹ méje inú ìwé Fágúnwà àti fíìmù Kòríà táwọn ọmọ wa ń wò

Ẹ bá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan jókòó ní Takon, ní Pobè tàbí ní Sakété lónìí, kẹ́ ẹ bi í pé fíìmù wo ló fẹ́ràn jù. Ó ṣeé ṣe kó dárúkọ ti Kòríà kó tó dárúkọ tiwa. Àwọn fíìmù náà wà lórí fóònù, ọ̀rọ̀ Faransé sì máa ń wà nísàlẹ̀ àwòrán fún ẹni tó bá lè kà á. Àwọn àgbà míì máa ń bínú sí i. Wọ́n ní kí ló kan ọmọ Nàgó kan àwọn òkú Kòríà tó ń gbé inú ènìyàn?

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Irú ìtàn yẹn ò ṣàjèjì sí wa. Ó ti wà nínú ìwé ní èdè Yorùbá láti ọdún 1938, kó tó di pé ilé kan ní télé ní àdúgbò wa. Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwé yẹn, ìyẹn Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí Fágúnwà kọ. A máa gba ẹnu ọ̀nà fíìmù Kòríà wọlé, torí ẹnu ọ̀nà yẹn làwọn ọmọ mọ̀.

Fíìmù Kòríà náà: ilé oúnjẹ tó di ilé ẹbí

Orúkọ fíìmù ọ̀hún ni The Uncanny Counter. Ilé iṣẹ́ télé OCN ní Kòríà Gúúsù ló kọ́kọ́ gbé e jáde, láti oṣù Kọkànlá ọdún 2020 títí dé oṣù Kíní ọdún 2021. Apá mẹ́rìndínlógún ni. Inú ìtàn alàwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Jang Yi yà ni wọ́n ti mú un, Yoo Seon-dong ló sì darí rẹ̀. Nígbà tó fi máa parí, iye àwọn tó ń wò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún, iye tí OCN ò tíì rí rí lórí fíìmù kankan. Ìpín kejì jáde lórí tvN ní ọdún 2023, apá méjìlá nìyẹn. Netflix ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwa tó kù láyé.

Ìtàn náà rèé ní ṣókí. Àwọn ẹ̀mí burúkú kan máa ń sá kúrò ní ibi tó yẹ kí òkú wà, wọ́n á bọ́ sáyé. Ẹni tó ti ní ìpànìyàn lọ́kàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ̀ lára. Bí wọ́n bá ṣe ń pa ènìyàn ni agbára wọn ń pọ̀ sí i, wọ́n á sì máa gbé ẹ̀mí ẹni tí wọ́n pa mì. Àwọn tó ń dọdẹ wọn ni wọ́n ń pè ní Counter. Ẹni tó ti sùn lọ bí òkú nílé ìwòsàn, tí kò tíì kú tí kò sì jí, ni ẹ̀mí rere kan máa wọ̀ lára. Á wá jí, pẹ̀lú agbára tí kò ní tẹ́lẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olórí ìtàn, So Mun, akẹ́kọ̀ọ́ ni, Jo Byeong-gyu ló ṣe é. Bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n kú nínú ìjàǹbá mọ́tò, òun náà sì di arọ ẹsẹ̀ kan. Bàbá àgbà àti ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ. Tirẹ̀ nìkan yàtọ̀, torí òun ò sùn lọ bí òkú kí ẹ̀mí tó wọ̀ ọ́. Àwọn mẹ́ta tó bá pàdé, kò sí èyí tí ọ̀fọ̀ ò ṣẹ̀. Ga Mo-tak jẹ́ ọlọ́pàá tó ti gbàgbé ìgbésí ayé rẹ̀ àtijọ́. Do Ha-na pàdánù gbogbo ará ilé rẹ̀. Chu Mae-ok, ìyá tó ń fi ọwọ́ wo ọgbẹ́ sàn, ọmọ rẹ̀ ló kú; ẹ̀mí ọmọ yẹn gan-an ló sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń ta núdù nílé oúnjẹ kékeré kan, wọ́n ń wọ aṣọ eré ìdárayá pupa kan náà. Tí wọ́n bá ti ja ìjà òru tán, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹun.

Ohun tó mú àwọn òǹwòran kò ju èyí lọ. Ìjà dára, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwo oúnjẹ yẹn ló ń dá wọn padà. Ìtàn nípa alájọgbé tó di alájọbí ni.

Tiwa: ta ni Fágúnwà?

Dáníẹ́lì Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ni, ìlú kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ọdún 1903 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ olùkọ́ yìí ló ń ṣe nígbà tí ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ní Èkó tẹ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Ìwé mẹ́rin míì tẹ̀ lé e: Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, àti Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Omi ló gbé e lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, nítòsí Bídà.

Àwọn kan máa ń sọ pé Ògbójú Ọdẹ ni ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ti ń jáde nínú ìwé ìròyìn ní Èkó ní ọdún 1929 sí 1930. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé Yorùbá tó gbilẹ̀ tó ti Fágúnwà. Láti ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ló ti kà á. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ní apá ibí ààlà, Faransé ni ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ni, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa ò bá a pàdé ní kíláàsì. Ìdí kan nìyẹn tá a fi ń kọ èyí. Ẹni tó bá lè ka Yorùbá ojúewé yìí, ó lè ka Fágúnwà.

Bí ìtàn náà ṣe lọ

Bàbá arúgbó kan ló dé ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé, ó ní kó mú gègé àti tákàdá, kó máa kọ ohun tóun fẹ́ sọ. Orúkọ bàbá náà ni Àkàrà-ògùn. Bó ṣe ń sọ ìtàn yẹn lọ́jọ́ kan, ni àwọn ènìyàn ń gbọ́, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì èrò á ti pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti jókòó síbi àlọ́ lálẹ́ òṣùpá rí mọ irú ìjókòó yẹn.

Ọmọ ọdẹ ni Àkàrà-ògùn. Bàbá rẹ̀ lóògùn, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ àjẹ́ paraku. Lọ́jọ́ kan, bàbá yìí yìnbọn fún ẹranko kan nínú oko. Ìgbà tó délé ló rí i pé ìyàwó òun lòun yìnbọn fún. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni bàbá náà kú. Báyìí ni Àkàrà-ògùn di aláìníyàá, aláìníbàbá, ó wá gbé ìbọn, ó kọrí sí Igbó Irúnmọlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ́kọ́ dá lọ. Lẹ́ẹ̀kínní, ó pàdé Àgbákò, ẹ̀dá olójú mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì jà dé ibi tí ilẹ̀ fi gbé wọn mì. Ká ní kì í ṣe ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìrànlọ́wọ́ tó yọ sí i ni, ìtàn ì bá parí níbẹ̀. Ó rí ohun púpọ̀, ó jìyà púpọ̀, ó padà sílé pẹ̀lú ọrọ̀ díẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tó mú wá fún ìlú.

Lẹ́ẹ̀kẹta ni nǹkan yí padà. Ọba ìlú rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó lọ sí Òkè Láńgbòdó, kó lọ bá òun gba ohun kan tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú. Àkàrà-ògùn ò gbà láti dá lọ. Ó ní kí ọba pe àwọn akọni yòókù jọ. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó tẹ̀ lé e

Ọdẹ púpọ̀ ló jáde lọ́jọ́ náà, àmọ́ méje ló ní orúkọ nínú ìtàn, Àkàrà-ògùn sì ni ọ̀kan. Ẹ wo àwọn mẹ́fà tó kù, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí kálukú ti wá.

Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn. Alágbára ni, kùmọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Inú igbó ni wọ́n ti rí i ní ìkókó, nídìí igi kan tí à ń pè ní kàkó. Àwọn tó bí i ti sọ ọ́ nù. Orúkọ igi tí wọ́n bá a nídìí rẹ̀ ló ń jẹ́ títí.

Elégbèdè-ọdẹ. Ojú mẹ́ta ni wọ́n bí i mọ́, ọ̀kan wà ní ìpàkọ́. Ẹ̀rù ba àwọn òbí rẹ̀, wọ́n gbé e jù sínú igbó. Ẹranko ló tọ́ ọ dàgbà, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́ èdè ẹranko.

Ìmọ̀dòye. Ìbátan Àkàrà-ògùn ni. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ààjà gbé e lọ, ó sì lo ọdún méje lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó padà wá pẹ̀lú ọgbọ́n tí kò sí nílé. Òun ni ẹgbẹ́ máa ń wò lójú tí agbára bá ti dé òpin.

Olóhùn-iyọ̀. Ó lẹ́wà lọ́kùnrin, ó mọ ìlù, ó mọ orin. Kò sí ẹni tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀ kínú rẹ̀ má yọ̀.

Ẹ̀fọ́ìyẹ̀ tafàtafà. Ọfà rẹ̀ kì í tàsé, ìyẹ́ sì wà lára rẹ̀ bí ti ẹyẹ.

Àràmàdà-òkùnrin. Tí oòrùn bá ń mú, ara rẹ̀ á tutù. Tí òtútù bá dé, ara rẹ̀ á móoru. Ohun gbogbo nípa rẹ̀ ló lòdì sí ti ọmọ aráyé.

Ṣé ẹ rí i? Ọmọ òrukàn kan, ọmọ tí wọ́n sọ nù méjì, ọmọ tí ìjì gbé lọ kan, àtàwọn tí ara wọn ò rí bí ti ẹlòmíì. Fágúnwà ò kó àwọn ọmọ ọba àti ọmọ ìjòyè jọ. Àwọn tí ilé ti kọ̀, tàbí tí ilé ò gbà tán, ni ọba wá ń bẹ̀ pé kí wọ́n lọ gba àlàáfíà wá fún ìlú.

Ohun kan náà ni fíìmù Kòríà yẹn ń sọ ní ọgọ́rin ọdún ó lé lẹ́yìn Fágúnwà. Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ni wọ́n ń pè láti gba àwọn alààyè là. A ò sọ pé ọ̀kan jí ti ìkejì wò o. Ohun tá à ń sọ ni pé ènìyàn níbi gbogbo mọ̀ pé ọgbẹ́ lè di agbára, bí ẹni tó ní in bá rí ẹni tó máa bá a gbé e.

Kí ló sọ wọ́n di ẹbí?

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Yàtọ̀ sí Ìmọ̀dòye, kò sí ẹni tó bá Àkàrà-ògùn tan nínú wọn. Ohun mẹ́ta ló so wọ́n pọ̀.

Èkínní ni pé kò sí ẹni tó ní gbogbo rẹ̀. Kùmọ̀ Kàkó ò wúlò níbi tó jẹ́ pé ọgbọ́n Ìmọ̀dòye ló máa ṣí ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ìlú àwọn ẹyẹ, níbi tí Ògòǹgò ti jẹ́ ọba, ẹni tó gbọ́ èdè ẹyẹ àti ẹranko ló wúlò ju alágbára lọ. Ojú kẹta tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé Elégbèdè jù nù, ojú yẹn wà lára ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìtàn yìí ló fẹsẹ̀ òwe yẹn rìn.

Èkejì ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ ju ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Àkàrà-ògùn tó lọ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọrọ̀ ló bá bọ̀. Àkàrà-ògùn tó lọ fún ìlú, àwọn ènìyàn ló bá lọ. Nínú fíìmù Kòríà náà, bó ṣe rí nìyẹn: So Mun fẹ́ mọ ẹni tó pa òbí rẹ̀, ìbínú yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́, títí tó fi yé e pé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ti ẹ̀san òun nìkan.

Ẹ̀kẹta ni ohùn àti àjọjẹ. Lójú ọ̀nà, bí àárẹ̀ bá mú wọn, Olóhùn-iyọ̀ á kọrin, wọ́n á jó, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Àwọn ọdẹ wa mọ èyí. Àwọn náà ní ìjálá. Àjọjẹ àti àjọkọrin ni àjọbí àwọn tí kò jọ bí ara wọn.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn wá

Kò yẹ ká fi oyin bo ohun tó korò. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ń jáde lọ, ìyàwó àfẹ́sọ́nà Kàkó dì mọ́ ọn, ó ní kò gbọ́dọ̀ fi òun sílẹ̀. Kàkó pa á, ó sì tẹ̀ lé ẹgbẹ́ lọ. Fágúnwà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí wọ́n sọ nù ní ìkókó ló pa ẹni tó fẹ́ dì í mú. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró tini, ọjọ́ tí ẹnì kan fẹ́ dúró tì í, kò mọ ohun tó máa fi ṣe. Àwọn olùkọ́ kan máa ń fo ojúewé yẹn tí wọ́n bá ń kà á fọ́mọ. A rò pé kí wọ́n má fò ó. Kí wọ́n kà á, kí wọ́n bi àwọn ọmọ pé ta ló jẹ̀bi, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin kọ́kọ́ dáhùn. Ẹgbẹ́ lè di ẹbí, òótọ́ ni, àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá ní kó o pa ará ilé rẹ kó o tó wọlé, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tó ń jẹ́.

Ohun míì ni pé obìnrin ò pọ̀ nínú ìwé náà. Ìyá jẹ́ àjẹ́, ìyàwó jẹ́ ìdíwọ́, Ìrànlọ́wọ́ nìkan ló yọ bí ìmọ́lẹ̀. Níbi èyí, fíìmù Kòríà lè kọ́ wa ní nǹkan. Méjì nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ obìnrin, Chu Mae-ok, ìyá ọlọ́mọ tó ń sebẹ̀, sì ni igi tó gbé ilé ró.

Ohun tí wọ́n mú bọ̀

Ohun tí ọba Láńgbòdó fún wọn kì í ṣe idà, kì í ṣe oògùn ìṣẹ́gun. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gbé lọ́dọ̀ Ìrágbèje, bàbá ọlọ́gbọ́n tí ilé rẹ̀ ní ojúlé méje. Ọjọ́ méje ni wọ́n lò, ojúlé kan lójúmọ́, ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́: ọ̀rọ̀ ìwà, ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kí ènìyàn bá ènìyàn gbé. Wọn ò padà délé pé bí wọ́n ṣe lọ. Ẹni tó dé kó ọ̀rọ̀ dé.

Ẹlòmíì lè ní, ṣé nítorí ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ṣe kú? Àmọ́ ẹ wo ọba tó rán wọn. Àlàáfíà ló fẹ́. Ibo ni wọ́n ti ń ta àlàáfíà, bí kò ṣe nínú ìwà?

Ìwé náà di eré, ó di èdè míì

Wọlé Ṣóyínká yí ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde ní ọdún 1968. Nígbà tí FESTAC wáyé ní Èkó ní 1977, tí àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé péjọ, eré Langbodo tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìtàn yìí ni Nàìjíríà gbé kalẹ̀ lórí ìtàgé. Ẹ kíyè sí i: nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi han ayé, àwọn ọmọ tí wọ́n sọ nù wọ̀nyí ni wọ́n mú jáde.

Fún àwa tá a kàwé ní Faransé, Ọláoyè Abíóyè ti yí i sí èdè yẹn pẹ̀lú, àkọlé rẹ̀ ni Le preux chasseur dans la forêt infestée de démons. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò tíì là sí àmì ohùn Yorùbá lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má dúró síbẹ̀. Adùn Fágúnwà wà nínú bó ṣe ń to ọ̀rọ̀ jọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ọ̀kan á máa ti ìkejì lẹ́yìn. Kò sí èdè míì tó lè gbé e tán.

Kí ló kàn wá ní Takon?

Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Ní agbègbè wa, ilé wo ni kò ní ọmọ tí kì í ṣe ọmọ inú ilé? Ọmọ àbúrò tó wá kàwé. Ọmọ ọmọ tí ìyá àgbà ń tọ́ torí pé ìyá rẹ̀ wà ní Cotonou tàbí Èkó. Ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ patron rẹ̀. Àwọn Fọn ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, vidomègọn ni wọ́n ń pè é, ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ìrànlọ́wọ́ ni àṣà náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó di ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọmọ nígbà tí owó wọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ kiri ọjà látàárọ̀ dalẹ́. Òfin nọ́ńbà 2015-08, ìyẹn code de l'enfant tí orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, wà láti dáàbò bo àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ àti gbogbo ọmọ yòókù.

Ọ̀rọ̀ Elégbèdè sì wà níbẹ̀. Lápá àríwá orílẹ̀-èdè wa, láàárín àwọn Baatonu àtàwọn míì, ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ jáde, tàbí tí eyín òkè rẹ̀ bá kọ́kọ́ hù, wọ́n lè pè é ní àjẹ́. Wọ́n ti pa irú wọn, wọ́n sì ti sọ irú wọn nù. Kẹ́nikẹ́ni nínú wa má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà o. Ìtàn sọ pé àwọn baba ńlá wa náà ò gba ìbejì nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èdè wa ṣe fún ọmọ tó fi ẹsẹ̀ jáde: ó pè é ní Ìgè, ó fún un ní oríkì. Èyí tó dojú bolẹ̀ di Àjàyí. Èyí tí irun rẹ̀ ta kókó di Dàda. Ìbejì tí wọ́n ń sá fún tẹ́lẹ̀ di Táyé àti Kẹ́hìndé tá à ń fi ẹ̀wà bọ. Orúkọ ni àwọn baba wa fi gba ọmọ àjèjì wọlé. Ohun tí Fágúnwà ṣe fún Elégbèdè náà nìyẹn: ó fún un ní orúkọ, ó fún un ní ẹgbẹ́, ó fún un ní iṣẹ́ tí kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe é.

Ohun mẹ́ta náà ni gbogbo ọmọ tí a gbà tọ́ ń wá nílé wa. Ṣé a ń pè é ní orúkọ rẹ̀, àbí "ọmọ ọ̀dọ̀"? Ṣé ó ń bá àwọn ọmọ yòókù jẹun nínú àwo kan náà, àbí ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ló ń jẹ? Ṣé iṣẹ́ tó ń ṣe ń sọ ọ́ di ènìyàn, àbí ó kàn ń rẹ̀ ẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá alájọgbé ti di alájọbí nínú ilé rẹ̀, kó wo ibi àwo oúnjẹ.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá bá ọmọ yín nídìí fíìmù Kòríà lálẹ́, ẹ má kàn gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í pé àwọn wo nìyí, kí ló ṣẹlẹ̀ sí òbí So Mun, kí ló dé tí wọ́n fi jọ ń gbé. Á sọ fún yín, á tiẹ̀ pẹ́ kó tó dákẹ́. Tó bá wá parí, ẹ sọ fún un pé àwa náà ní ọkùnrin kan tí wọ́n bí pẹ̀lú ojú mẹ́ta, tí wọ́n gbé jù sínú igbó, tí ọba padà wá ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹ wo bóyá kò ní bi yín pé, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"